Iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin tó ń rí sí ohun-ìní àtinúdá àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun: àlàyé fún ẹni tí kì í ṣe amòfin

Nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ tuntun kan bá dé, tí awuyewuye sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó ni ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe, àwọn oníròyìn a máa wá ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan lọ láti gbọ́ ohun tó rí sí i. Wọn a kọ orúkọ rẹ̀ àti ti fásitì rẹ̀ sínú ìròyìn, wọn a sì fi kún un pé onímọ̀ nípa òfin ohun-ìní àtinúdá àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun ni. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni àpèjúwe yìí máa ń rú lójú. Àwọn kan rò pé agbẹjọ́rò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn mìíràn rò pé onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó tún lọ kọ́ òfin mọ́ ọn ni. Àwọn mìíràn sì gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ àwọn tó ń jí iṣẹ́ olórin àti òǹkọ̀wé lò. Kò sí èyí tó tọ̀nà délẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí irú ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí ni ibi tó yẹ kí ẹ̀tọ́ ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ parí sí kí ti gbogbo ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tuntun bá sì dé, òun ló ń wò ó láti mọ èwo gan-an nínú àwọn ìbéèrè àtijọ́ ni ẹ̀rọ náà tún gbé dìde.

Ó yẹ kó kọ́kọ́ yé wa pé ohun-ìní àtinúdá kì í ṣe òfin kan ṣoṣo. Ó kéré tán, òfin mẹ́rin ló wà lábẹ́ orúkọ yìí, wọn kò sì jọra. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ń dáàbò bo ọ̀nà tí ènìyàn gbà gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀, yálà nínú ìwé, nínú orin, nínú àwòrán tàbí nínú kóòdù kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo èrò náà fúnra rẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fọwọ́ sí lọ́dún 1886 tí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà, ẹ̀tọ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ níbì kankan. Ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ó máa ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Ti páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun tí ènìyàn hùmọ̀, yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, kó fi hàn pé ohun tí òun ṣe jẹ́ tuntun àti pé kì í ṣe ohun tí oníṣẹ́ ẹgbẹ́ òun kan lè ronú kàn wẹ́rẹ́, kó sì kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kedere fún gbogbo ayé láti kà. Bó bá rí i gbà, 20 ọdún láti ọjọ́ tó tọrọ rẹ̀ ni ó máa ń sábà jẹ́. Àmì òwò wà kí oníbàárà má baà ra ayédèrú, ó sì lè wà títí láé bí olówò bá ṣì ń lò ó. Àṣírí òwò náà ní ààbò tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ àṣírí.

Fóònù kan ṣoṣo lè ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára: ẹ̀tọ́ àdàkọ wà lórí kóòdù inú rẹ̀, páténtì wà lórí ọgbọ́n tó ń lò láti fi gba ìsọfúnni láti inú afẹ́fẹ́, àmì òwò wà lẹ́yìn rẹ̀, àṣírí òwò sì wà nínú bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kì í fi í yára dáhùn nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún un pé wọ́n ti jí iṣẹ́ òun. Yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n mú gan-an, nítorí ohun tí òfin kan kà léèwọ̀ lè má jẹ́ nǹkan kan lójú òfin kejì.

Ìdí tí òfin fi ń fúnni ní irú ẹ̀tọ́ yìí tún máa ń dojú rú. Nígbà tí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lọ́dún 1710, ọdún 14 ni wọ́n fún òǹkọ̀wé lórí ìwé tuntun, ó sì lè gba 14 mìíràn kún un bó bá ṣì wà láàyè. Ìwé Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú Abala Kìíní, Ìpín Kẹjọ, fún àwọn aṣòfin lágbára láti fún òǹkọ̀wé àti olùṣàwárí ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ wọn fún àkókò tó lópin, kí ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọnà tó wúlò lè tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka gbólóhùn yẹn yóò rí i pé àdéhùn ni: àwọn aráàlú gbà kí ẹnì kan máa jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà kan, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ náà wáyé, kó sì di ti gbogbo wọn nígbẹ̀yìn. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá di apá méjèèjì àdéhùn yìí mú pọ̀ kò lè lóye iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, nítorí yóò máa rò pé ó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan ní gbogbo ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹjọ́ kan fínnífínní, nítorí òun ló dára jù láti fi hàn bí ìbéèrè àtijọ́ ṣe ń padà wá. Lọ́dún 1882, ayàwòrán kan ní New York, Napoleon Sarony, fi kámẹ́rà ya òǹkọ̀wé Oscar Wilde. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Burrow-Giles tẹ ẹ̀dà àwòrán náà 85,000 láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Sarony gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, wọn kò sẹ́ pé àwọn tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé fọ́tò kò ní ẹni tó dá a: kámẹ́rà kàn gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ni, ó sì yọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ jáde, nígbà tó jẹ́ pé òǹkọ̀wé ni Ìwé Òfin dárúkọ, kò dárúkọ ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ náà lọ́dún 1884, Sarony ló sì jàre. Àwọn adájọ́ wo ohun tó ṣe kó tó tẹ kámẹ́rà rárá: òun ló ní kí Wilde jókòó bó ṣe jókòó, òun ló yan aṣọ àti àwọn ohun tó wà láyìíká rẹ̀, òun ló to ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, òun náà ló fa irú ìrísí tó fẹ́ jáde lójú ọkùnrin náà. Nítorí náà, àwòrán yẹn ti ọkàn Sarony wá, ẹ̀rọ kàn jẹ́ ọ̀nà tó gbà gbé e jáde ni. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí ìdájọ́ yóò jẹ́ fún fọ́tò lásán tí ẹnì kan kàn yà láìto nǹkan kan. Ibi tí ìdájọ́ náà dákẹ́ sí yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n òfin máa ń dúró lé nínú kíláàsì. Yóò bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé, bí Sarony bá kàn tẹ bọ́tìnnì ńkọ́? Bí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bá yan àsìkò tó máa yà á ńkọ́? Bí ẹranko bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Èyí tó gbẹ̀yìn kì í ṣe àròsọ, nítorí lọ́dún 2018 ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà ní láti sọ pé ọ̀bọ tó fi kámẹ́rà ya ara rẹ̀ kò lè pe ènìyàn lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ.

Ẹni tó bá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ẹjọ́ Sarony ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí AI, dé. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Stephen Thaler, ní kí wọ́n forúkọ àwòrán kan sílẹ̀ tó sọ pé ẹ̀rọ òun nìkan ló dá a. Ọ́fíìsì tó ń forúkọ ẹ̀tọ́ àdàkọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀, ilé-ẹjọ́ kan fara mọ́ ọn lọ́dún 2023, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì tẹ̀ lé e lóṣù Kẹta ọdún 2025 pé ènìyàn ni òfin náà ń retí gẹ́gẹ́ bí aṣẹ̀dá. Lọ́dún 2023 kan náà, ọ́fíìsì yìí wo ìwé ìtàn aláwòrán kan tí ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ṣe àwọn àwòrán rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà àti lórí bó ṣe to ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ àwòrán, wọn kò fún un lórí àwọn àwòrán ọ̀hún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n tún ṣàlàyé pé títẹ ìtọ́ni sínú ẹ̀rọ nìkan kò tíì tó, nítorí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò ní àkóso tó lórí ohun tó máa jáde.

Ìbéèrè Sarony náà ni gbogbo èyí: báwo ni yíyàn tí ènìyàn yàn ṣe pọ̀ tó nínú ohun tí a ń wò yìí? Kò sì sí ìdí láti rò pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1988 sọ pé bí kọ̀ǹpútà bá ṣe iṣẹ́ kan tí kò ní ènìyàn kankan gẹ́gẹ́ bí aṣẹ̀dá, ẹni tó ṣe ètò tó mú kí iṣẹ́ náà wáyé ni kí a kà sí aṣẹ̀dá. Iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ni láti fi òfin méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó wò ó bóyá èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàn ń fa àwọn ènìyàn láti ṣẹ̀dá sí i lóòótọ́, tàbí ó kàn ń sọ ohun tí kò náni ní ohunkóhun di ohun-ìní fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ni ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun. Lọ́dún 1980, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà gbà pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ananda Chakrabarty, lè gba páténtì lórí kòkòrò àìfojúrí tó tún ṣe kó lè máa tú epo rọ̀bì ká, nítorí pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ayé kó tó ṣe é. Lọ́dún 2013, ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà fi ohùn kan sọ pé ilé-iṣẹ́ Myriad kò lè ní páténtì lórí àbùdá ara ènìyàn tí wọ́n kàn yọ sọ́tọ̀, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nínú ewu àrùn jẹjẹrẹ ọyàn àti ti ilé-ẹyin, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ní yàrá ìwádìí lè gbà á. Àwọn aláìsàn wà lára àwọn tó pe ẹjọ́ náà. Ó tọ́ kí a máa rántí èyí nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ olówó nìkan ni òfin yìí.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń dé ìdí iṣẹ́ yìí? Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà tí a mọ̀ ni kí ó gboyè nínú òfin, kó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan tàbí méjì lọ́dọ̀ adájọ́ kan tí yóò máa bá kọ ìdájọ́, kó sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò. Àwọn kan ti kọ́ nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kí wọ́n tó kọ́ òfin, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ máa ṣojú oníbàárà níwájú ọ́fíìsì páténtì, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ìdánwò tó ń fúnni láṣẹ. Ẹni tó fẹ́ kọ́ni kò nílò rẹ̀ dandan. Ohun tí fásitì ń wò ni ohun tó ti kọ.

Ìwé kíkọ ni ọkàn iṣẹ́ náà, òun náà sì ni aráàlú kì í rí. Àpilẹ̀kọ òfin lè gùn tó ìwé kékeré kan, nínú ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin fúnra wọn máa ń ṣàtúnṣe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì lè dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ka a. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ọ̀kan ṣe. Lọ́dún 1990, Pierre Leval, tó jẹ́ adájọ́, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìgbà tó tọ́ kí ènìyàn lo iṣẹ́ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ó ní ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ìlò tuntun náà sọ iṣẹ́ àtijọ́ di ohun tó ní ìtumọ̀ tàbí ìdí mìíràn, tàbí ó kàn gba ipò rẹ̀ lọ́jà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin péré, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ mú ìrònú yìí lò nínú ìdájọ́ rẹ̀. Nígbà tó sì di ọdún 2015, Leval fúnra rẹ̀ ló kọ ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó gbà pé Google kò ṣẹ̀ sófin nígbà tó ṣe ẹ̀dà ìwé tó lé ní 20 mílíọ̀nù láti jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè wá ọ̀rọ̀ inú wọn.

Yàtọ̀ sí ìwé kíkọ, ọ̀jọ̀gbọ́n lè kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ilé-ẹjọ́, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe olùpẹ̀jọ́ tí kì í sì í ṣe olùjẹ́jọ́, ṣùgbọ́n tó fẹ́ kí àwọn adájọ́ rí ohun kan tí àwọn méjèèjì lè má sọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹjọ́ Google àti Oracle, níbi tí wọ́n ti ń jà lórí bíi ìlà kóòdù 11,500 tí Google mú nínú Java, èdè kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Oracle ni, kí àwọn tó ti mọ èdè náà lè ṣe ètò fún fóònù láìtún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2021, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́jọ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Google láre.

Àwọn mìíràn a tilẹ̀ dìde fúnra wọn níwájú àwọn adájọ́. Lawrence Lessig, tó ń kọ́ni ní fásitì Stanford nígbà náà, ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ lóṣù Kẹwàá ọdún 2002. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998 ti fi 20 ọdún kún ẹ̀tọ́ àdàkọ, títí kan ti àwọn iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Eric Eldred, tó máa ń gbé ìwé àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kò lè gbé àwọn tó ti ń dúró dè jáde mọ́. Lessig bi ilé-ẹjọ́ pé, bí àwọn aṣòfin bá lè máa sún òpin síwájú nígbàkúùgbà tó bá ti súnmọ́, níbo ni àkókò tó lópin wà? Ní oṣù Kìíní ọdún 2003, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án sọ pé àwọn aṣòfin lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pàdánù ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn kan ti dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Creative Commons sílẹ̀ lọ́dún 2001, wọ́n sì gbé ìwé àṣẹ wọn àkọ́kọ́ jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2002: aṣẹ̀dá tó bá fẹ́ lè fi sọ fún gbogbo ayé ṣáájú ohun tó gbà kí wọ́n fi iṣẹ́ òun ṣe. Wikipedia ń lo irú ìwé àṣẹ yìí lónìí. Mo gbà pé èyí ló fi bí iṣẹ́ yìí ṣe rí hàn jù lọ, nítorí ẹni tó kàn ń wá bí yóò ṣe jàre lẹ́jọ́ kò ní í ti múra ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ lábẹ́ òfin kan náà tó ń bá jà.

Èyí tó gba àkókò wọn jù ní báyìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ AI. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, adájọ́ méjì ní ilé-ẹjọ́ kan náà ní California dá ẹjọ́ tó jọra láàárín ọjọ́ mélòó kan síra. Adájọ́ William Alsup, nínú ẹjọ́ Anthropic, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ AI, sọ pé fífi ìwé kọ́ ẹ̀rọ jẹ́ ìlò tó tọ́, nítorí pé ó sọ wọ́n di ohun mìíràn pátápátá, àmọ́ kíkó ẹ̀dà tí wọ́n jí gbé jọ sí ibi ìkówèésí kò tọ́. Adájọ́ Vince Chhabria, nínú ẹjọ́ Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, dá ilé-iṣẹ́ náà láre nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé kò mú ẹ̀rí tó tó wá, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé bí ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe bá kún ọjà tó fi jẹ́ pé wọn kò ra ti òǹkọ̀wé mọ́, irú ìlò bẹ́ẹ̀ lè máà tọ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Ẹni tó ka àkọlé ìròyìn nìkan yóò rò pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sọ. Japan ti tún òfin tirẹ̀ ṣe lọ́dún 2018 láti gba irú ẹ̀dà ṣíṣe bẹ́ẹ̀ láyè, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì gbà á láyè lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n ó fún ẹni tó ni iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ bí kì í bá ṣe fún ìwádìí ìmọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún rí ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìròyìn, ẹ kọ́kọ́ wo ipò tó ti sọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè jẹ́ agbẹjọ́rò fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ẹjọ́, ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tí wọ́n sanwó fún nítorí ìmọ̀ rẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ilé-ẹjọ́ tí kò gba kọ́bọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó kàn ń sọ ohun tí ìwádìí rẹ̀ fi hàn. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n òǹkàwé ní ẹ̀tọ́ láti mọ èwo ni, mo sì gbà pé ọ̀jọ̀gbọ́n tí ilé-iṣẹ́ kan bá ń sanwó fún gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá ohun tí òfin jẹ́ lónìí ló ń sọ ni, tàbí ohun tó fẹ́ kí òfin jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni méjèèjì, ó sì sábà máa ń sọ wọ́n tẹ̀ lé ara wọn nínú gbólóhùn kan, àmọ́ èyí tó jẹ́ òfin lónìí nìkan ni ilé-ẹjọ́ yóò fi dá yín lẹ́jọ́ bí ẹnì kan bá pè yín lọ́la.